Àwa Ọ̀dọ́ Ìjọ Lẹ́nu Iṣẹ́ Òdodo: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-àjò láti Àkúrẹ́ dé Ọ̀wọ̀ àti Ayétòrò

Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kẹjọ 2025. Ìbàdàn sí Àkúrẹ́

Aago méje kọjá díẹ̀ ni ọkọ̀ wa kúrò ní gáréèjì Ìwó Road n'Íbàdàn. ₦8,500 ni owó ọkọ̀, wọ́n sì gba owó ẹrù lọ́tọ̀. Àárín Ifẹ̀ sí Iléṣà la ti pẹ́ jù. Ihò pọ̀ lójú títì, àwọn tírélà kò sì jẹ́ ká rí ọ̀nà kọjá. Lẹ́yìn Iléṣà ni ọwọ́ dẹ́rẹ́bà wá rọ̀. Nígbà tí a dé ìtòsí Ìkéjì-Àràkéjì, ọmọbìnrin CAC tó jókòó tì mí nawọ́ sójú wíńdò, ó ní agbègbè yìí ni Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá wà ní 1928, tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, tí ìpè Ọlọ́run fi bá a. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìtàn yẹn. Inú mi dùn pé ẹnu iṣẹ́ ni ìpè bá a, lójú títì, láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọmọ yunifásítì ni ọ̀pọ̀ nínú wa. Ìjọ tí a ti wá kò pa pọ̀: Áńgílíkà wà ńbẹ̀, Àgùdà wà ńbẹ̀, Mẹ́tọ́díìsì àti CAC náà kò gbẹ́yìn. A yọ̀ǹda hólidé gígùn wa láti lọ kọ́ iṣẹ́ ìdájọ́ òdodo àti àlàáfíà lọ́dọ̀ àwọn àgbà tó ti wà nídìí rẹ̀ tipẹ́. Kò sí owó oṣù níbẹ̀. Ìjọ tó gbà wá lálejò ń fún wa ní ibi tí a ó sùn àti oúnjẹ àárọ̀, àwa la ó wá owó ìyókù. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. Láti 1967 ni Póòpù Paul Kẹfà ti dá ìgbìmọ̀ ìdájọ́ òdodo àti àlàáfíà sílẹ̀ ní Róòmù, orí rẹ̀ sì ni ẹ̀ka tí àwọn Àgùdà ilẹ̀ wa ń pè ní JDPC dúró lé. Nínú àwọn ìjọ yòókù náà, àwọn kan wà tó ń wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ bẹ àwọn ènìyàn wò, àwọn kan sì ń gbèjà opó lórí ilẹ̀ àti ogún ọkọ.

Ọ̀sán la wọ Àkúrẹ́. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá gbé wa dé Òkè-Àró ní ₦400 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Gbọ̀ngàn ìjọ la ó máa sùn sí, lórí ẹní. Iná kò sí. Ìyá kan tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjọ gbé korobá omi gbígbóná wá fún àwọn obìnrin inú wa, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọmọ òun ń sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní Kánò, òun gbà pé ẹnìkan á máa bu omi fún òun náà lọ́hùn-ún.

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ wá láti Ìbàdàn, ẹ tètè kúrò nílé. Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín láàárín Iléṣà sí Ìgbàrà-Òkè.

Àìkú, 3 Oṣù Kẹjọ

Ìsìn ni, lẹ́yìn náà ìjọ fà wá lé àwọn àgbà lọ́wọ́. Bàbá Katikíìsì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló gbàdúrà fún wa. Ìrẹsì àti ọ̀dùnkún dídín ni wọ́n fi gbà wá lálejò. A tètè sùn.

Ajé, 4 Oṣù Kẹjọ

Ẹni tó ń kọ́ wa níṣẹ́ ni Àǹtí Lọ́yà. Orúkọ tí gbogbo àdúgbò ń pè é nìyẹn, òun náà sì ń jẹ́ ẹ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi wá ni pé, nígbà wo la gbàdúrà fún àlàáfíà gbẹ̀yìn? Gbogbo wa ní àná ni. Ó tún béèrè pé, nígbà wo la bá ẹnikẹ́ni dé tẹ́ṣọ̀n gbẹ̀yìn? Ilé dákẹ́. Kò bá wa wí. Ó kàn ṣí ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sí abala 35, ó ní kí ọ̀kan nínú wa kà á sókè.

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: ẹni tí ọlọ́pàá bá mú, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e dé kóòtù láàárín wákàtí 24 bí kóòtù kan bá wà láàárín kìlómítà 40 síbi tí wọ́n tì í mọ́. Bí kóòtù bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, wákàtí 48, tàbí iye àkókò tí kóòtù bá rí pé ó tọ́. Àǹtí Lọ́yà ní ká dárúkọ àdúgbò kan nínú Àkúrẹ́ tó jìnnà sí kóòtù tó kìlómítà 40. Kò sí. Ó ní nígbà náà, bí ìyá kan bá wá sọ fún yín pé ọmọ òun ti wà ní sẹ́ẹ̀lì láti Ọjọ́ Ẹtì, tí òní sì jẹ́ Ọjọ́rú, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa kọ sílẹ̀ kí ẹ tó pe lọ́yà. Ó tún sọ fún wa pé béèlì ní tẹ́ṣọ̀n, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ló kọ ọ́ sára ògiri wọn. Kí á má san kọ́bọ̀, kí á má sì bá ẹnikẹ́ni pariwo nítorí rẹ̀. Kí á béèrè orúkọ ọ̀gá tẹ́ṣọ̀n, kí á jókòó, kí á dúró.

Lọ́sàn-án ni a sọ̀rọ̀ nípa Pásítọ̀ James Wuye àti Imam Muhammad Ashafa ti Kàdúná. Ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà nínú ìjà ẹ̀sìn 1992. Pásítọ̀ pàdánù ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, Imam pàdánù olùkọ́ rẹ̀ àti ìbátan rẹ̀ méjì. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìlàjà, wọ́n sì ń ṣe é títí dòní. Ọ̀rẹ́ wa ọmọ FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, béèrè pé báwo ni ènìyàn ṣe ń jókòó ti ẹni tí òun ti pinnu láti gbẹ̀san lára rẹ̀. Àǹtí Lọ́yà ní ká má retí pé òun á dáhùn ìyẹn nínú kíláàsì.

Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kẹjọ

Kóòtù májísíréètì la lọ. A dé ibẹ̀ kí aago mẹ́jọ àbọ̀ tó lù, bẹ́ńṣì sì ti kún. Aago mẹ́wàá kọjá ni adájọ́ jókòó. Iṣẹ́ wa ni ká gbọ́, ká kọ nọ́ńbà ẹjọ́, ká kọ ọjọ́ tí wọ́n sún un sí, ká sì rí i pé ẹbí ẹni tó ń jẹ́jọ́ mọ ọjọ́ náà. Ẹ lè máa rò pé èyí kò tó nǹkan. Mo rí ìyá kan tó jókòó láti àárọ̀, tí wọ́n pe ẹjọ́ ọmọ rẹ̀, tí wọ́n sún un síwájú ní èdè òyìnbó láàárín ìṣẹ́jú méjì, tí ìyá náà ṣì jókòó tó ń retí pé wọ́n máa tó pe ọmọ òun.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni ọmọ náà. Wọ́n ní ó jí fóònù, òun ní òun kò jí i. Adájọ́ ti fún un ní béèlì: ₦200,000 pẹ̀lú onídùúró méjì, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Kì í ṣe pé wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ ka ₦200,000 sílẹ̀ o. Onídùúró ló ń fọwọ́ sí ìwé pé òun á san án bí ọmọ bá sá. Ata ni ìyá ń tà, kò sì sí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan nínú gbogbo àwọn tó mọ̀ tó lè bá a fọwọ́ síwèé. Nítorí ìyẹn ni ọmọ ṣe ṣì wà lẹ́wọ̀n, lórí ẹ̀sùn tí kóòtù kò tíì gbọ́ ẹlẹ́rìí kan lórí rẹ̀. Bàbá Katikíìsì ní òun á dúró, akọ̀wé kóòtù sì fi sùúrù ṣàlàyé fún un pé ẹni tó ti fẹ̀yìn tì kò bá ohun tí adájọ́ kọ mu. 19 Oṣù Kẹjọ ni wọ́n sún ẹjọ́ sí. Mo kọ ọ́ sórí páálí bébà kan fún ìyá náà pẹ̀lú nọ́ńbà ẹjọ́, ọmọbìnrin CAC sì bá a kà á títí ó fi mọ̀ ọ́n sórí.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí: ẹ pa fóònù yín, ẹ má ya fọ́tò kankan nínú kóòtù, ẹ gbé omi àti bisikíìtì dání. Ẹ̀kọ àti àkàrà wà níta ní ₦700, ṣùgbọ́n bí ẹ bá jáde, wọ́n lè pe ẹjọ́ tí ẹ tìtorí rẹ̀ wá.

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹjọ

Ọgbà ẹ̀wọ̀n. Láti 2019 ni òfin ti yí orúkọ àjọ náà padà sí ti àtúnṣe ìwà, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n ni gbogbo ènìyàn ṣì ń pè é, àwọn tó wà nínú rẹ̀ pàápàá. A fi fóònù, owó àti káàdì ìdánimọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Ẹ má wọ aṣọ tó jọ ti ológun. Ọṣẹ, ọṣẹ ìfọyín àti gàrí la kó lọ, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbà á.

Orin la fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé àwa la máa dárin, àwọn ló dá a fún wa. Akọrin wọn gbówọ́ ju ti ìjọ wa lọ. Lẹ́yìn ìwàásù kúkúrú, wọ́n jẹ́ ká jókòó sídìí tábìlì, ẹni tó bá fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́dà kan sì dúró sítòsí. À ń kọ orúkọ, ọjọ́ tí wọ́n mú un, ẹ̀sùn, àti ọjọ́ tó rí kóòtù gbẹ̀yìn. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń dá ẹnu àwọn ènìyàn dúró. Ọ̀pọ̀ ń wo òkè kí wọ́n tó dáhùn.

ATM ni wọ́n ń pe àwọn tó ń dúró de ìgbẹ́jọ́. Jákèjádò Nàìjíríà, nǹkan bíi méje nínú ẹni mẹ́wàá tó wà lẹ́wọ̀n ni kóòtù kò tíì dá lẹ́bi. Mo ti ka ìyẹn nínú ìwé. Ó yàtọ̀ nígbà tí wọ́n bá tò síwájú ẹni. Ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun sọ pé ọdún 2021 ni wọ́n gbé òun wá lórí ẹ̀sùn ìdigunjalè, májísíréètì ní òun kò ní agbára láti gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi ọkùnrin náà pa mọ́ títí ìmọ̀ràn á fi dé láti ọ́fíìsì DPP, ọ̀gá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba lórí ẹjọ́ ọ̀daràn. Láti ìgbà náà ni ó ti ń gbọ́ pé fáìlì wà lọ́nà. Àǹtí Lọ́yà ṣàlàyé fún wa nígbà tí a jáde. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ọlọ́pàá á gbé ẹjọ́ ńlá lọ síwájú májísíréètì kí ẹni náà lè ní ibi tí wọ́n máa tì í mọ́, fáìlì á wá máa rìn láti tẹ́ṣọ̀n dé Ilé-iṣẹ́ Ìdájọ́, ibẹ̀ ni DPP á ti sọ bóyá ẹjọ́ wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Bí fáìlì bá dúró, ènìyàn náà dúró. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ACJA ti 2015, sọ pé àṣẹ ìfinipamọ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 14 lọ lákọ̀ọ́kọ́, kí kóòtù tó tún un yẹ̀ wò. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ ká gbé lọ sí ọ́fíìsì kì í ṣe pé kí wọ́n ṣàánú. Níbo ni fáìlì wà, lọ́wọ́ ta ni, láti ìgbà wo? Ìwọ̀nyí ni.

Ohun kan tún wà tí n kò mọ̀ kí n tó wá. Oṣù Kẹjọ yìí ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga wà lẹ́nu ìsinmi ọdọọdún, adájọ́ díẹ̀ ló kù sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kánjúkánjú. Hólidé tiwa ló mú wa dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyí, hólidé kóòtù ló sì dá ọ̀rọ̀ wọn dúró. Mo ní ká sọ fún àwọn tó ń ṣètò iṣẹ́ yìí pé kí wọ́n máa pín in sí méjì, kí àwọn kan wá ní Oṣù Kẹjọ láti kọ orúkọ, kí àwọn tó ń gbé nítòsí sì máa tẹ̀lé ẹjọ́ nígbà tí kóòtù bá wọlé.

Òjò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a ń jáde. Wọ́dà tó ti dúró tì wá láti àárọ̀ bọ́ aṣọ òjò ara rẹ̀, ó fi wé ìwé tí a kọ orúkọ sí. Ó ní òun mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kẹjọ

Ìsinmi. Àwọn kan gun Òkè Ìdànrè, àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, wọ́n padà pẹ̀lú ẹsẹ̀ ríro. Èmi lọ sí Ọjà Ọba níwájú ààfin Déjì. Iyán àti ẹ̀gúsí pẹ̀lú ẹran kan, ₦1,800. Iyán Àkúrẹ́ kò láfiwé, àgàgà ní àsìkò iṣu tuntun yìí. Mo fọ aṣọ.

Ajé, 11 Oṣù Kẹjọ. Ọ̀wọ̀

₦2,500 láti Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀. A kọjá Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ níbi tí ọjà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba títì. Kí á tó dé Ùsò ni táyà ẹ̀yìn fọ́, jáàkì dẹ́rẹ́bà kò sì ṣiṣẹ́. Òjò ń rọ̀. Obìnrin Ìgbìrà kan tó ń sun àgbàdo lábẹ́ ahéré pè wá kí a wá sá fún òjò. Ó fún wa lágbàdo, ó gba owó ti àkọ́kọ́, ó kọ̀ láti gba ti èyí tó fi lé e. Ọkọ rẹ̀ ló lọ gbé jáàkì wá láti oko ẹnìkan, ó rin ẹrẹ̀ lọ, ó rin ẹrẹ̀ bọ̀. Ẹ yẹ táyà àfirọ́pò wò kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ọ̀nà yìí, kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń fẹ́ dúró sí pẹ́.

Ìjọ St. Francis la tìtorí rẹ̀ wá. 5 Oṣù Kẹfà 2022, ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, ni àwọn agbébọn wọ inú ìsìn, wọ́n sì pa ènìyàn tí kò dín ní 40. Àgbà ìjọ kan tó gbà wá sọ ohun méjì kí a tó wọlé: kí a má béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé ta ló kú fún un, kí a má sì ya fọ́tò. A gbàdúrà pẹ̀lú wọn. A jókòó pẹ́. Ìyá kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò sọ nípa ọjọ́ náà. Ó béèrè pé nígbà tí ẹjọ́ bá bẹ̀rẹ̀, ta ni yóò wá sọ fún àwọn?

Lọ́jọ́ yìí kan náà, kí ilẹ̀ tó ṣú, rédíò sọ pé àjọ DSS ti gbé ọkùnrin márùn-ún lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ ní Abuja lórí ìkọlù Ọ̀wọ̀, wọ́n sì sọ pé àwọn kò jẹ̀bi. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta àti oṣù méjì. Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, ọ̀rọ̀ gbóná. Ọ̀kan nínú wa ní irú àwọn wọ̀nyí kò yẹ lẹ́ni tí lọ́yà ń gbẹjọ́ rò fún. Mo lóye ìbínú rẹ̀, nítorí ibi tí a ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí wọ́n bá dá ẹni tí kò ṣe é lẹ́bi, ẹni tó ṣe é ṣì wà níta, ìyá tó béèrè ìbéèrè yẹn kò sì rí ìtùnú kankan gbà. Ẹ̀tọ́ tí à ń béèrè fún ọmọ tí wọ́n ní ó jí fóònù, òun náà ni ti àwọn márùn-ún yìí: kí kóòtù gbọ́ wọn, kí ó má pẹ́, kí ìdájọ́ sì wáyé ní gbangba. Àwọn ará Ọ̀wọ̀ náà ní ẹ̀tọ́ tiwọn, kí wọ́n mọ ọjọ́, kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n sọ. Abuja jìnnà. Àǹtí Lọ́yà ní òun ní ẹlẹgbẹ́ lọ́hùn-ún tó lè máa jókòó níbẹ̀, kí ọ̀kan nínú wa máa gba iṣẹ́ náà lẹ́nu rẹ̀ lórí fóònù, kó máa kọ ọ́ ní Yorùbá fún ìjọ. Ọmọ Àgùdà inú wa ní òun á ṣe é. Òun náà ló ti bínú jù nínú ọkọ̀.

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Kẹjọ. Ayétòrò

A jí kúrò ní Àkúrẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Oǹdó, Òrè, Òkìtìpupa, Ìgbókòdá. ₦7,000 lápapọ̀, ọkọ̀ méjì. Ẹ ra búrẹ́dì ní Òrè. Láti èbúté Ìgbókòdá, ọkọ̀ ojú omi gba ₦3,000 lọ́wọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ẹ bèèrè fún jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, ẹ wọ̀ ọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra, kódà bí ẹ bá mọ omi wẹ̀. Ní àárín omi ni ẹ́ńjìnnì kú. Awakọ̀ fa okùn rẹ̀ títí apá rẹ̀ fi wọ́. Apẹja méjì nínú ọkọ̀ kékeré sún mọ́ wa, wọ́n ju okùn, wọ́n wọ́ wa dé ẹ̀bá àbúlé kan tí a ti rí ẹ́ńjìnnì mìíràn. Wọn kò gba owó. Wọ́n gba búrẹ́dì.

Ní 1947 ni àwọn Kristẹni Ìlàjẹ tí wọ́n ń pè ní Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ Ayétòrò dó sẹ́bàá òkun. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń kó èrè síbi kan, wọ́n jọ ń jẹ, gẹ́gẹ́ bí ìjọ ìgbà àwọn àpọ́sítélì. Òkun ló ń gba ìlú náà báyìí. Ilé ìjọ pàápàá, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ṣí i kúrò níwájú omi. Bàbá kan gbé wa sínú ọkọ̀ ojú omi kékeré, ó wà wá lọ síwájú etíkun, ó ki àjẹ̀ bọ omi, ó ní ibí ni yàrá tí wọ́n bí òun sí. N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo béèrè ọdún tí omi gbé e, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún wa níbẹ̀ nìyẹn: ká lọ láti ilé dé ilé, ká kọ orúkọ ẹbí, ibi tí ilé wọn wà tẹ́lẹ̀, ọdún tí omi gbé e, iye ìgbà tí wọ́n ti kó kúrò. Ìlú ló ni ìwé náà, àwa kàn bá wọn kọ ọ́ ni. Láti 2004 ni àjọ ìjọba kan ti gbé iṣẹ́ jáde láti dá òkun dúró, òkun sì ń bọ̀. Ọ̀kan nínú wa béèrè lálẹ́ pé kí ló kan iṣẹ́ àlàáfíà níbí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbé ìbọn. Èrò tèmi ni pé ó kàn án gidi. Ẹni tí wọ́n ń ti kúrò nílé lọ́dọọdún, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ tirẹ̀, kò sí nínú àlàáfíà bó ti wù kó dákẹ́ tó.

Àwọn àgbà Ìlàjẹ mọ ohun tí ẹjọ́ tó jìnnà ń ṣe fún ènìyàn. Ní Oṣù Karùn-ún 1998, àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ yìí lọ jókòó sórí pèpéle epo Parabe lórí òkun láti fẹ̀hónú hàn sí Chevron. Àwọn ológun dé, ènìyàn méjì kú. Àwọn ará Ìlàjẹ gbé ẹjọ́ náà dé San Francisco l'Ámẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ọ sì dá Chevron láre ní Oṣù Kejìlá 2008. Bàbá kan tó ń hun àwọ̀n sọ fún mi pé òun kò tíì rí ẹni tó jókòó ti òun kó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe dé ibi ìdájọ́ yẹn. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rìndínlógún.

Pupurú, ẹja tútù àti ọbẹ̀ marúgbó la jẹ lálẹ́. Ẹbí tó gbà wá sùn sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kí àwa lè rí bẹ́ẹ̀dì. A bẹ̀ wọ́n títí, wọn kò gbà.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kẹjọ

A parí ìwé náà ní àárọ̀, a ka gbogbo rẹ̀ sókè níwájú àwọn àgbà kí wọ́n tún èyí tó bá ṣì ṣe, wọ́n sì tún un ṣe níbi púpọ̀. Ìwé méjì la kọ, ọ̀kan dúró sí ìlú. Òjò láti Òrè dé Àkúrẹ́. Alẹ́ la wọlé.

Ẹtì, 15 Oṣù Kẹjọ

Gbogbo ọjọ́ la fi jókòó kọ èsì. Àǹtí Lọ́yà kò fẹ́ ìtàn, ó fẹ́ orúkọ, ọjọ́ àti ohun tó kàn láti ṣe. Orúkọ àwọn tí kò ní lọ́yà, ó ti gbé wọn lọ sí Legal Aid Council, àjọ tí ìjọba fi ń gbẹjọ́ rò lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí kò lówó. Ti ọkùnrin 2021 yẹn, lẹ́tà ti lọ sí Ilé-iṣẹ́ Ìdájọ́ ní Alágbàká láti béèrè fáìlì, wọ́n sì ti lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiwa. Ẹ má fi lẹ́tà kankan sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba láìgba ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ àti ọjọ́.

Obìnrin kan nínú ìjọ tó ń ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì ti gbà láti dúró fún ọmọ tí wọ́n ní ó jí fóònù. Ó lọ rí ìyá rẹ̀ ní ọjà fúnra rẹ̀ kó tó gbà, ó ní òun kò lè fọwọ́ sí ìwé fún ẹni tí òun kò mọ ojúlé rẹ̀. Mo rí i pé ó tọ́. Kóòtù ṣì ń yẹ ìwé rẹ̀ wò, onídùúró kejì kò sì tíì dájú.

Àwa ará Ìbàdàn ń lọ lọ́la. Àwọn ọmọ FUTA inú wa ló ń gbé nítòsí, ọwọ́ wọn ni ìwé orúkọ wà, àwọn náà ni yóò wà ní kóòtù ní 19 Oṣù Kẹjọ. Bí ẹ bá wà ní Àkúrẹ́ tí ẹ sì fẹ́ bá wọn jókòó, ẹ dé kí aago mẹ́jọ tó lù, ẹ jókòó ti ìyá náà, kí ẹ sì bá a túmọ̀ ohun tí adájọ́ bá sọ kó tó dìde.